Ẹ̀rọ Kò Tíì Ṣe Fírídọ́ọ̀mù: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ènìyàn Ṣọ́ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni oníbàárà wa kan ní Ìlọrin kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan: “E ma di ogun to ku.” Kò fi àmì kankan sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù. Ohun tó ní lọ́kàn ni “Ẹ má di ogún tó kù”: àwọn tó máa dá aṣọ ẹbí náà ti dín kù, kí a má di ogún àdìrẹ tó ṣẹ́ kù mọ́. Ẹ̀rọ tí mo gbà pé kó máa bá mi dá oníbàárà lóhùn kà á sí “Ẹ máa di ogún tó kù”. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó ti kọ ìwé ẹrù, ó ti ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin tó ń bá wa gbé ẹrù lọ sí páàkì, ó sì ti san owó mọ́tò. Mo ti sùn nílé mi ní Adátán, l'Abẹ́òkúta níbí. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú láago mẹ́sàn-án àárọ̀, orí pẹpẹ ti ṣófo, mọ́tò tó gbé ẹrù ní Kútọ̀ sì ti kọjá Ìbàdàn. Èmi ni mo san owó àlọ, èmi náà ni mo san owó àbọ̀.

Kò sí olè níbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì bàjẹ́. Èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un láìfi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, mo ka ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn, mo sì tún gbogbo ètò wa tò. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ fún ẹni tó ń tajà ní Ìtòkú, fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fún ọ̀gá iléèwé ní Àsẹ́rò, fún ẹnikẹ́ni tó ti ń ronú àtigbé iṣẹ́ lé ọgbọ́n àtọwọ́dá lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) tí ẹ bi ní ìbéèrè, tó dá yín lóhùn, tó sì dákẹ́, ewu tiẹ̀ mọ níwọ̀n. Bó bá ṣì sọ, ẹ̀yin lẹ ṣì máa pinnu bóyá ẹ ó tẹ̀ lé e. Èyí tó dé kẹ́yìn yìí yàtọ̀. Ẹ ó so ó mọ́ WhatsApp, mọ́ í-meèlì, mọ́ àkáǹtì, ẹ ó ní, “Máa bá mi bójú tó àwọn oníbàárà,” yóò sì máa fúnra rẹ̀ pinnu ohun tó kàn láti ṣe. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Làákàyè tí òwe yẹn ń béèrè, ẹ̀rọ kò tíì ní in dé ibi tí a lè fọkàn tán. Bí a ṣe rán an ni yóò jẹ́ ẹ, tàbí bó ṣe rò pé a rán an.

Nídìí iṣẹ́ ọwọ́, a mọ ohun tí à ń ṣe sí irú èyí. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò máa wo ọ̀gá, yóò máa ṣe é lójú ọ̀gá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó pe ìyá àti bàbá rẹ̀, a ó gbàdúrà, a ó fún un níwèé ẹ̀rí, ó ti ṣe fírídọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí kò tíì ṣe fírídọ́ọ̀mù. Bí a ó ṣe mú un bí ọmọ iṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ọwọ́ ẹ̀rọ náà

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbà á. Èmi gba tèmi kó lè máa sọ iye owó àdìrẹ fún àwọn tó bá béèrè lóru. Nígbà tí mo ṣí ibi ètò áàpù náà, tí mo wá ń ka àwọn ibi tí mo ti tẹ “mo gbà” láìkà, mo rí i pé ó lè yí iye owó ọjà padà, ó lè pa orúkọ oníbàárà rẹ́, ó sì lè ná owó ṣọ́ọ̀bù. N kò mọ̀ pé mo fún un ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni kí ẹ fi wá a kiri: kà, kọ, ránṣẹ́, san, pa rẹ́. Kí ló lè kà? Kí ló lè kọ tàbí kó yí padà? Ta ló lè ránṣẹ́ sí? Owó wo ló lè san? Kí ló lè pa rẹ́? Ohunkóhun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá nílò, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, ẹ fi ìwọ̀nba tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ má mọ ọ̀nà àkáǹtì ńlá rárá. Mo fẹ́ràn ààbò yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí pé ẹ sùn ni o, ẹ jí ni o, ó ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya ohun tó ṣeé fọ̀ kúrò lára ohun tí aró ti mu

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, á wá fi ìyẹ́ adìẹ fa ilà ẹ̀kọ náà sára aṣọ funfun. Bí ilà bá wọ́, á fi èékánná ha á, á fi omi nù ún, á tún un fà. Ìyẹn kì í dà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ bá ti gbẹ, tó wá kan kí aṣọ wọ ìkòkò aró, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Á tẹ́ aṣọ náà sórí itan, á fi ìka tẹ̀ lé ilà láti etí dé etí, á yí i padà, á tún wò ó. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó gbọdọ̀ ri aṣọ bọ aró tí òun kò bá tíì wò ó, ì báà jẹ́ ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin. Ohun tí aró bá ti mu, omi kì í fọ̀ ọ́ mọ́.

Bí ẹ ṣe máa pín ìwé tí ẹ kọ nìyẹn. Apá kan ni ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe láìbéèrè: kó sọ iye owó tó wà lórí àkọsílẹ̀, kó júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti Ṣàpọ́n, kó kí ènìyàn káàárọ̀. Apá kejì ni ohun tó lè ṣe ṣùgbọ́n tó gbọ́dọ̀ sọ fún yín lójú ẹsẹ̀, bíi kó gba òòdà sílẹ̀ tàbí kó dá ọjọ́ fún oníbàárà. Apá kẹta ni ti ìkòkò aró. Kó san owó, kó gbé ẹrù jáde, kó pa nǹkan rẹ́, kó dín owó ọjà, kó bá ẹni tó ń bínú tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sí i. Obìnrin kan tó ń bá wa dá aṣọ òkú ìyá rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ẹ̀rọ máa sọ fún pé “A kú oríire òòdà yín.” Ní iléèwé, ohun tó kan ìwà ọmọ tàbí lílé ọmọ sílé wà níbẹ̀, ní ilé ìwòsàn, ohun tó kan oògùn.

Nǹkan kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Ohun kékeré tó ṣeé dá padà, bí ẹ̀rọ bá ṣe é nígbà ẹgbẹ̀rún, kì í ṣe kékeré mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tó ń fi kọ̀ǹpútà ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, gbé ètò tuntun sórí àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì fo ọ̀kan. Ètò àtijọ́ tó wà lórí ọ̀kan yẹn jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà, ó lé ní ìgbà mílíọ̀nù 4. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà àti iye owó lójúmọ́. Ẹ̀rọ tèmi kò lè ránṣẹ́ sí ju ènìyàn 40 lọ lọ́jọ́ kan, kò sì lè ná ju 10,000 náírà. Bó bá débẹ̀, yóò dúró dè mí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dárúkọ ẹni tí yóò ṣọ́ ọ

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń dà rú. “A ní ènìyàn tó ń wò ó” kò tíì tó. Ta ni? Aago mélòó ló ń wò ó? Bó bá rí ohun tí kò dára, kí ló lè ṣe sí i?

Ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọ̀gá ológun Soviet kan tó ń jẹ́ Stanislav Petrov wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń bá wọn ṣọ́ òfuurufú. Kọ̀ǹpútà náà sọ pé Amẹ́ríkà ti yin ohun ìjà átọ́míìkì kan. Ó tún ní wọ́n ti yin òmíràn, títí ó fi pé márùn-ún. Iṣẹ́ Petrov ni kó gbé ìròyìn náà lọ sókè, ibẹ̀ ni wọn yóò ti pinnu bóyá kí wọ́n yin tiwọn padà. Ó rò ó wò: ẹni tó bá fẹ́ pa ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ run, ṣé márùn-ún ni yóò fi bẹ̀rẹ̀? Ó mọ̀ pé ètò náà ṣì tuntun. Rédà orí ilẹ̀ kò sì rí nǹkan kan. Ó ròyìn pé ẹ̀rọ ló ṣì í, òótọ́ ló sì sọ: ìtànṣán oòrùn tó ta sára ìkùukùu ni sátẹ́láìtì rí tó pè ní iná ohun ìjà. Ẹ wo ohun tó wà lára ọkùnrin yìí. Ó mọ iṣẹ́, ó mọ ibi tí ẹ̀rọ kù sí, ó sì wà nípò tó fi lè sọ pé rárá.

Ẹ wá wo ti Tempe ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018. Ọkọ̀ Uber tó ń wa ara rẹ̀ pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì lóru. Ènìyàn wà nídìí ọkọ̀ náà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ ọ lọ. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé fóònù ló ń wò. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀rọ ti rí obìnrin náà ní bí ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 ṣáájú, ó ń pè é ní ọkọ̀, ó ń pè é ní kẹ̀kẹ́, ó tún ń pè é ní nǹkan mìíràn, kò sì tẹ bíréèkì lákòókò. Bíréèkì pàjáwìrì tó bá ọkọ̀ náà wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ilé iṣẹ́ ti pa á nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń wakọ̀. Ẹni tó ń wo fóònù jẹ̀bi, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un: kó jókòó ní wákàtí púpọ̀ láìṣe nǹkan kan, kó sì wà lójúfò de ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ máa ṣìṣe. Ojú ènìyàn kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ọdẹ àdúgbò wa pàápàá, ó ń fọn fèrè, ó ń rìn kiri, ó ń lu òpó iná, kí oorun má bàa gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ má fi ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ṣọ́ ẹ̀rọ kìkì nítorí pé ó mọ fóònù tẹ̀. Bó bá rí àṣìṣe, ẹ̀rù yóò bà á láti dá iṣẹ́ ọ̀gá dúró. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé bí lágbájá bá dá ẹ̀rọ dúró, kò sí ẹni tó máa bá a wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ yan ẹnì kejì tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá rìnrìn àjò. Ẹ fún un ní àkókò; ẹni tó ń po aró kò lè máa ka ìbéèrè ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mú ẹ̀rọ náà wá nìkan jẹ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń nira fún ènìyàn láti rí àléébù ohun tó fúnra rẹ̀ yìn.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ béèrè, kó béèrè dáadáa

“Ṣé kí n máa bá a lọ?” kì í ṣe ìbéèrè tó dára. Ẹ ó tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” lónìí, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lọ́la, tó bá di ọ̀tunla, ọwọ́ á ti tẹ̀ ẹ́ kí ojú tó kà á. Mo kọ ọ́ sínú ìlànà tí mo fún ẹ̀rọ tèmi pé ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Ká ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ lókè, ohun tí ǹ bá rí lórí fóònù mi nìyí:

Oníbàárà kọ: “E ma di ogun to ku.”
Bó ṣe yé mi: kí a máa di ogún àdìrẹ tó kù.
Ọ̀nà mìíràn tó lè gbà yé ni: kí a má di í.
Bí mo bá ṣì í: ẹrù á lọ sí Ìlọrin, owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ á wọlẹ̀.

Ìlà kìn-ín-ní ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà wá bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kó má ṣe ṣe àkópọ̀ rẹ̀ fún yín. Inú àkópọ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí. Èyí kan àwa tí à ń sọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. “Igba” lè jẹ́ igba tí a ń kà, ó lè jẹ́ ìgbà, ó lè jẹ́ igbá. “Mi o san” ń sọ pé ẹnì kan kò sanwó. Kò gbà ju kí ẹ̀rọ fo “o” yẹn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti san. Ìlú tí míṣọ́nárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá, jáde ní 1859 ni à ń gbé, Yorùbá ti wà lórí bébà níbí tipẹ́, síbẹ̀ a kì í ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí a bá ń fi àtàǹpàkò kan tẹ fóònù nínú ọjà. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi òfin kan lélẹ̀: bí “ma” bá wà nínú ọ̀rọ̀ tó kan ẹrù tàbí owó, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Kó pe ènìyàn, kí ènìyàn pe oníbàárà.

Òfin kejì ni pé bí n kò bá dáhùn, n kò tíì gbà. Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀síwájú bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá kọjá láìsí èsì. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ pa á.

Ẹ tún ka iye ìbéèrè tó ń wọlé lójúmọ́. Bó bá ju ohun tí ẹ lè fara balẹ̀ kà lọ, ẹ ti gbé ohun púpọ̀ jù sí apá kẹta, tàbí kí ẹ ti gbé iṣẹ́ tí kò yẹ ẹ̀rọ fún un. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 60, ó ti di 8 báyìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán bọ́tìnnì ìdádúró wò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé

Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú Ethiopian Airlines tó já ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2019. Ènìyàn 157 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan kò yè. Boeing 737 MAX ni ọkọ̀ náà, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS sì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá bí irú èyí tí à ń lò lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó ń dá pinnu láti tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, ojú kan ṣoṣo lára ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí imú ọkọ̀ ṣe gbé sókè tó, ló sì gbára lé. Ojú yẹn ń purọ́ fún un. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún ṣáájú, ọkọ̀ Lion Air irú kan náà ti já lọ́nà kan náà ní Indonesia, ènìyàn 189 kú, àwọn awakọ̀ yẹn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ètò náà wà. Àwọn ti Ethiopia mọ̀. Wọ́n pa bọ́tìnnì tó yẹ kí wọ́n pa. Ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ ti pọ̀ débi pé ọwọ́ ènìyàn kò lè yí àgbá tó ń gbé imú rẹ̀ sókè mọ́. Wọ́n tan iná rẹ̀ padà, ètò náà sì tún tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Bọ́tìnnì wà. Ìgbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti pẹ́ jù.

Ẹ mú aago, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ yàn pé, “Ẹ̀rọ ti ya wèrè, dá a dúró,” kí ẹ sì máa ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa, ìṣẹ́jú 22 ló gbà wá. Pásíwọ́ọ̀dù wà lórí fóònù ọmọ mi tó wà ní kíláàsì ní yunifásítì FUNAAB, síìmù tó ń gba kóòdù sì wà nínú fóònù tí iná rẹ̀ ti tán. Báyìí, bébà kan wà lára ògiri lẹ́yìn máṣíìnì ìránṣọ, a kò sì kọ pásíwọ́ọ̀dù sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tí ènìyàn máa ṣe ní títẹ̀léra. Lákọ̀ọ́kọ́, ti owó: ti àkáǹtì kékeré náà pa lórí áàpù báǹkì. Lẹ́yìn ìyẹn, ti ẹnu: yọ ẹ̀rọ kúrò lára WhatsApp, níbi tí wọ́n ti ń rí àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ fóònù. Ìkẹta ni kí wọ́n wá pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìkẹrin, kí wọ́n pe ọmọkùnrin tó ń gbé ẹrù, kó má kúrò lójú kan. A ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lóṣù tó kọjá, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹ dán an wò nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò dára pẹ̀lú.

Bó bá ti dúró, ẹ má tún un ṣe lójú eré, ẹ má sì pa àkọsílẹ̀ kankan rẹ́. Ní Knight Capital, nígbà tí wọ́n fẹ́ tètè tún un ṣe, wọ́n yọ ètò tuntun kúrò lórí kọ̀ǹpútà méje tó dára, wàhálà ọ̀kan bá di ti mẹ́jọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ọjà tó ṣí, í-meèlì 97 ti wọlé sí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń tọ́ka sí àṣìṣe náà. Kò sí ẹni tí wọ́n sọ fún pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kà á.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ máa ka àkọsílẹ̀, ẹ sì máa dẹ ara yín wò

Ní Sátidé, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ka ogún nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá oníbàárà sọ lọ́sẹ̀ náà. N kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ bá mi ṣà á. Mo máa ń mú díẹ̀ nínú ti òru, díẹ̀ nínú ti ọ̀sán, àti gbogbo èyí tí oníbàárà ti bínú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan sáàárín àwọn ìbéèrè, bí iye owó tó fi òdo kan lé, ká lè mọ̀ bóyá ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣì ń kà. Ní oṣù kejì, ọmọ iṣẹ́ mi dẹ èmi náà wò, mo sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” sí i. Ojú tì mí. Ọjọ́ náà la dín iye ìbéèrè kù.

Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ṣì í, ẹ gbọ́ ọ dópin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti jìbìtì, nítorí pé kọ̀ǹpútà ìṣírò tí wọ́n ń pè ní Horizon sọ pé owó dín. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ pé àwọn kò mú owó. Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ ni wọ́n gbà. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan san owó tí wọn kò jẹ títí wọ́n fi tà ilé. Kọ̀ǹpútà ló ní àléébù. Ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó fi òfin fagi lé àwọn ìdálẹ́bi náà lápapọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin akọ̀wé alájẹṣẹ́kù: bí ẹ̀rọ bá ní owó màmá kan kò pé, ẹ ṣí káàdì rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ jọ kà á, kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nínú ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀

Èyí kò gùn. Ẹ sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ènìyàn sí i. Òfin náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Abala 37 nínú Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má fi ìpinnu ẹ̀rọ nìkan yanjú ọ̀rọ̀ tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Níbi tí òfin bá sì ti gba irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ láàyè, ó ṣì lè ní kí ènìyàn dá sí i, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó sì ta ko ìpinnu náà. Ẹ má sì rò pé ẹ lè sọ pé “ẹ̀rọ ló sọ ọ́, èmi kọ́.” Air Canada gbìyànjú irú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìdáhùn wọn júwe ètò owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní Kánádà ní ilé iṣẹ́ náà ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, kó sanwó fún ọkùnrin náà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ máa tú okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹ̀rọ kò ṣì í níbi kan, tí ẹ sì rí i nínú àkọsílẹ̀ pé kò ṣì í, ẹ lè gbé ohun kan láti apá kejì lọ sí apá kìn-ín-ní. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣì í, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà. Bí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ bá kọ̀wé pé àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, ẹ mú un bí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí ẹ ti ń bá bọ̀ ló kù níbẹ̀. Èyí tó wà lápá kẹta, mi ò tíì gbé ìkankan kúrò níbẹ̀, n kò sì rò pé màá gbé e láìpẹ́. Àwọn kan sọ fún mi ní Pánṣẹ́kẹ́ pé bí ènìyàn bá ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wá ni èrè ẹ̀rọ? Èrè wà. Oníbàárà tó béèrè ọjà láago kan òru ti gba èsì kí n tó jí, n kì í sì tẹ iye owó kan náà nígbà ogójì lójúmọ́ mọ́. Ìbéèrè mẹ́jọ ni mo ń dáhùn dípò rẹ̀.

Ọ̀kan wọlé bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Ìyá kan ní Láfẹ́nwá kọ pé, “E ma ko marun yen wa lola.” Ẹ̀rọ kọ ọ̀nà méjèèjì tó lè gbà yé òun sísàlẹ̀, ó sì dúró. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ká máa kó o bọ̀, ká sì fi aláró dúdú méjì kún un.